Kí Lẹ Fẹ́ Fi Sè?

Ọ̀pọ̀ hítà tó ń kú ní ilé iṣẹ́ wa, ọjọ́ orí kọ́ ló pa wọ́n. Orí káúńtà ni ikú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà wọlé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, hítà oní-kìlówáàtì mẹ́fà ni mo fẹ́." Ọlọ́jà bi í bóyá fésì kan ni àbí mẹ́ta, ó wo ojú rẹ̀ bóyá owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nawọ́ sórí pẹpẹ. Wọ́n ná an, wọ́n fi ọ̀rá wé e, ó dìgbóṣe. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi sè. Ṣé omi ni àbí epo? Ṣé ọ̀dà tí wọ́n ń dà sójú títì ni àbí omi kọ́sítíìkì? Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò béèrè yẹn gan-an ló máa sọ bóyá hítà náà á lo ọdún márùn-ún, tàbí kò ní rí ìparí oṣù.

Hítà tí à ń wí yìí kì í ṣe àjèjì. Ẹni tó bá gbé họ́sítẹ̀lì rí mọ àbúrò rẹ̀ dáadáa: bọ́ílìn ríǹgì, irin tó ká róbótó tí wọ́n ń kì bọ garawa omi ìwẹ̀, tí àwọn alábòójútó sì ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣáá. Ti ilé iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Irin gbọọrọ oníhò ni, tí wọ́n tẹ̀ sí méjì kí orí rẹ̀ méjèèjì lè wà lápá kan. Ó lè jẹ́ mẹ́ta péré tí wọ́n jó mọ́ nọ́ọ̀tì ńlá kan tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì. Ó sì lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún lé tí wọ́n tò sójú àwo irin gbàgùdù kan. Òmíràn wà tí wọn kì í dè mọ́ ohunkóhun, etí táńkì ni wọ́n ń gbé e kọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀lẹ̀ omi. Ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ni ẹ ó ti rí i, àti ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ, ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò kí wọ́n tó pọn nǹkan sí i, ibi tí wọ́n ti ń fi kírómíọ̀mù bo irin kó lè máa dán, àti nínú táńkì àwọn tó ń ta epo tó ki. Ìwúlò rẹ̀ rọrùn láti sọ: inú ohun tó ń gbóná ló wà, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ooru tó ń ṣòfò. Iná igi àti bọ́ílà, èéfín ń gbé tiwọn lọ sókè.

Ọmọ ọlọ́tí ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin yìí. Bàbá James Prescott Joule ní ilé ìpọntí ní Salford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1840, nígbà tí Joule wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 22, ó ká wáyà, ó rì í bọ ìgò omi, ó jẹ́ kí iná bátìrì gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń ṣọ́ bí omi náà ṣe ń gbóná. Ó rí i pé tí iná tó ń sàn nínú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru ń dà. Tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 1841. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn o. Òun ló ń jó hítà àwọn tó so wáyà lódì, a ó sì padà débẹ̀.

Lẹ́yìn Joule, wáyà ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irin lásán tó bá pọ́n rokoṣo, afẹ́fẹ́ á jẹ ẹ́ títí tí yóò fi já. Platinum kì í jẹrà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ohun ẹ̀ṣọ́ olówó gọbọi se omi? Ní 1906, ará Amẹ́ríkà kan, Albert Marsh, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí àdàpọ̀ níkẹ́ẹ̀lì àti kírómíọ̀mù. Èyí tó wá gbajúmọ̀ jù ni níkẹ́ẹ̀lì ìdá mẹ́rin, kírómíọ̀mù ìdá kan. Tí wáyà yìí bá pọ́n, ara rẹ̀ á yọ èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé mọ́. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ àti tósítà, ìdílé wáyà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń lò.

Ó wá ku bí wáyà yẹn yóò ṣe wọnú omi láìṣe pé omi fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n ń wá kò wọ́pọ̀: ohun tí iná kò ní lè gbà kọjá, tí ooru sì máa gbà kọjá wẹ́rẹ́. Rọ́bà kò jẹ́ kí iná kọjá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ooru kọjá náà. Bàbà jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọjá. Ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pè ní magnesium oxide ló yanjú rẹ̀. Wọ́n á fa wáyà Marsh gba àárín irin oníhò, wọ́n á da ìyẹ̀fun yí i ká, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ irin náà kó sún kì, títí tí ìyẹ̀fun á fi le bí òkúta. Edwin Wiegand wà lára àwọn tó fi irú hítà bẹ́ẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ní Pittsburgh ní 1917. Orúkọ ọjà rẹ̀, Chromalox, ṣì wà lára hítà títí dòní. Bí ẹ bá fi ayùn gé hítà tó ti jóná, ohun mẹ́ta náà lẹ máa bá nínú rẹ̀: wáyà láàárín, ìyẹ̀fun láyìíká, irin lóde.

Ibí ni kìlówáàtì ti ń tan ènìyàn jẹ. Hítà méjì lè jẹ́ kìlówáàtì mẹ́ta mẹ́ta, kí ọ̀kan gùn tó apá, kí èkejì gùn ju yàrá lọ. Ooru kan náà ni wọ́n ń mú wá, ṣùgbọ́n ti kúkúrú ń tú tirẹ̀ jáde láti ojú tóóró, ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbóná gan-an kó tó lè ṣe é. Omi kò bẹ̀rù èyí. Omi tó bá gbóná lára irin á fúyẹ́, á gòkè, tútù á sì rọ́ wọlé dípò rẹ̀, láìdúró. Ìyá tó bá ń ro ẹ̀kọ mọ ìyàtọ̀ náà: omi lásán lórí iná ńlá á hó ni, kò ní jó, ṣùgbọ́n ògì tó ki lórí iná kan náà, tí wọn ò bá ro ó, ìsàlẹ̀ á ti jó kí òkè tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Epo tó ki àti ọ̀dà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn lára hítà. Èyí tó kan irin kò lè rìn kúrò níbẹ̀, yóò jó di èédú, èédú á lẹ̀ mọ́ irin, kò ní jẹ́ kí ooru jáde mọ́, wáyà inú á wá gbóná kọjá ohun tó lè gbà. Ó já. Oníbàárà á ní ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún òun.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí wọ́n máa béèrè ṣáájú kìlówáàtì ni iye wáàtì tí íǹṣì kan níbùú, íǹṣì kan lóòró lára irin náà ń tú jáde. Fún omi mímọ́, 50 sí 75 kì í ṣe ìṣòro. Fún epo ẹ̀rọ tó fẹ́lẹ́, nǹkan bí 20 ni ọ̀pọ̀ olùṣe hítà ń fẹ́. Fún epo dúdú tó ki àti ọ̀dà, wọn kì í fẹ́ kọjá 10, àwọn mìíràn á ní 8 ló mọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Kìlówáàtì mẹ́ta jẹ́ wáàtì 3,000. Tí ara irin náà bá jẹ́ irú íǹṣì bẹ́ẹ̀ 50 lápapọ̀, wáàtì 60 nìyẹn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kí ẹ tó lè fi kìlówáàtì mẹ́ta yẹn kan náà sínú ọ̀dà ní 8, ara irin náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 375. Hítà tó gùn ní ìlọ́po méje ààbọ̀ ni, owó rẹ̀ kò sì ní bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ibẹ̀ ni ọlọ́jà ti máa ń pàdánù oníbàárà sọ́dọ̀ ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ní kìlówáàtì mẹ́ta náà tó kéré, tó sì pọ́ọ́kú. Mi ò dá oníbàárà lẹ́bi pátápátá. Kò sí ohun tó hàn lójú tó fi ìyàtọ̀ wọn hàn ju gígùn lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé gígùn yẹn ni òun ń rà.

Ẹ jẹ́ ká mú epo pupa, nítorí òun ló sún mọ́ wa jù. Ìlú wo ni ọyẹ́ ti ń mú tí àwọn elépo kò mọ̀ pé epo ń dì? Nínú agolo, a ó gbé e sí oòrùn. Nínú táńkì tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù, oòrùn kò ran nǹkan. Codex, àjọ tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ lábẹ́ FAO àti WHO, ní kí wọ́n fi epo ọ̀pẹ sí ìwọ̀n 32 sí 40°C tó bá wà ní ìpamọ́, kí ó jẹ́ 50 sí 55°C nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tú u jáde. Wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ gòkè ju 5°C lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tí epo rẹ̀ dì ní 25°C tó fẹ́ gbé e dé 50°C, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni. Ẹni tí ọkọ̀ ti ń dúró dè lẹ́nu géètì kò ní fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n epo tí wọ́n bá fi ipá mú gbóná, èyí tó kan irin á ti bàjẹ́ kí èyí tó wà láàárín tó yọ́, òórùn rẹ̀ á yí padà, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, ẹni tó fẹ́ rà á á sì mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi hítà sínú epo gan-an. Inú táńkì omi kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á wá jẹ́ kí omi gbígbóná yẹn máa yí nínú páìpù tó gba ìsàlẹ̀ epo kọjá. Omi ló ń fara da ooru hítà. Epo kò mọ̀ pé iná mànàmáná wà nítòsí.

Páìpù yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ bàbà o. Bàbà dára fún omi mímu, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ hítà omi ilé. Ṣùgbọ́n bàbà díẹ̀ kíún nínú epo tí à ń jẹ á mú kó tètè bàjẹ́. Codex sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má fi bàbà tàbí àdàpọ̀ rẹ̀ ṣe ohun tó máa kan epo. Irin tó yẹ ohun kan ń ba òmíràn jẹ́. Nínú ásíìdì tí wọ́n fi ń dán irin pẹ̀lú kírómíọ̀mù, titanium ni wọ́n sábà máa ń lò, nítorí ásíìdì yẹn yóò jẹ àwọn irin tó rọjú. Ní ọjà wa, tí wọ́n bá ti ní "sìteńlẹ́ẹ̀sì ni", ọ̀rọ̀ parí, bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni sìteńlẹ́ẹ̀sì láyé. Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 304 ló wọ́pọ̀; iyọ̀ inú omi tó wà nítòsí òkun tàbí ọ̀sà lè lu ú ní ihò wínníwínní, pàápàá tí omi náà bá gbóná. 316 ń fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní etí ọ̀sà Èkó, tó ń fa omi kànga, kó kọ́kọ́ gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kó tó ra irin.

Omi kan náà tún ní ìwà mìíràn. Ilẹ̀ tí òkúta ẹfun wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò àti Ṣàgámù, omi tó bá gba inú rẹ̀ kọjá ń kó ẹfun náà dání. Tí wọ́n bá sè é, ẹfun á já sílẹ̀, ara hítà tó gbóná jù ló sì ń lẹ̀ mọ́. Ẹ ti rí i nínú kẹ́tùlù. Nínú kẹ́tùlù, kò ju kí tíì pẹ́ díẹ̀ kó tó hó. Lára hítà ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, èèpo yẹn á nípọn bí èèpo ẹyin, bẹ́ẹ̀ ló sì máa pa á. Ilé iṣẹ́ tó bá gbọ́n á máa tú hítà náà sílẹ̀ lóòrèkóòrè, á rì í sínú ásíìdì tó rọ̀, á fọ̀ ọ́, á dá a padà. Tí ẹ bá rí òṣìṣẹ́ tó ń fi òòlù lu ẹfun kúrò lára hítà, ẹ bá mi dá a dúró.

A dé ibi ìṣirò Joule. Hítà mẹ́ta, 230 fólítì, kìlówáàtì mẹ́ta mẹ́ta, lórí iná oní-fésì mẹ́ta. Tí wọ́n bá so wọ́n bó ṣe yẹ, kí orí kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pàdé lójú kan, olúkúlùkù á rí 230 tirẹ̀, àròpọ̀ wọn á sì jẹ́ kìlówáàtì mẹ́sàn-án. Tí oníná bá so wọ́n yípo, kí ìrù ọ̀kan kan orí èkejì, olúkúlùkù á rí 400, iná tó ń sàn nínú rẹ̀ á sì pọ̀ sí i bákan náà. Kì í ṣe pé ooru fi díẹ̀ pọ̀ sí i, ìlọ́po mẹ́ta ni: hítà kan á máa gbé kìlówáàtì mẹ́sàn-án, mẹ́ta wọn á di 27. Táńkì á tètè gbóná, inú ọ̀gá á dùn, wọ́n á yin oníná. Inú dídùn yẹn kì í pẹ́.

Ìṣirò kan náà ń jẹ wá níyà láti ìhà kejì. Nígbà tí iná bá rẹlẹ̀ ní àdúgbò, tí 230 di 160, hítà kìlówáàtì mẹ́ta kò ní mú ìdajì ooru rẹ̀ wá. Bí ẹ bá ti gbọ́ òṣìṣẹ́ tó ní "hítà yìí ti ń rẹ̀ ẹ́", ẹ kọ́kọ́ fi mítà wo iná kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni lọ sọ́jà.

Ohun tó ń pa ènìyàn àti ohun tó ń jó ilé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èyí tó ń jó ilé ni kí omi fà. Ooru hítà kì í dúró nítorí omi ti tán. Ohun tó ń gbé ooru lọ kò sí mọ́, irin náà á pọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń dán irin lókè òkun ti rí èyí léraléra: táńkì wọn oníke ni, omi inú rẹ̀ fà di ìlàjì lóru, orí hítà yọ síta, ara táńkì gbiná. Ìdí nìyẹn tí ohun ìṣọ́ omi, tó máa pa iná tí omi bá ti lọ sílẹ̀, kò fi yẹ kó jẹ́ ohun àfikún tí à ń ná. Ó tún dára kí ohun ìṣọ́ ooru kejì wà lára irin hítà fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú omi nìkan, nítorí èyí tó wà nínú omi lè máa sọ pé 60°C ni nígbà tí irin ti ń pọ́n lókè.

Èyí tó ń pa ènìyàn ni wáyà áàtì, tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, tí wọ́n gé. Mo ti gbọ́ àlàyé rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníná tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: "Ó ń já bíréékà ni, la fi gé e." Bíréékà ń já nítorí iná ti ń jò bọ́ sára irin. Tí wọ́n bá gé áàtì, iná náà kò dá jíjò dúró. Ó kàn ń dúró de ọwọ́ ẹni tó máa kan táńkì.

Owó ńkọ́? Omi lítà 1,000, láti 25°C dé 85°C, yóò gba nǹkan bí kìlówáàtì-wákàtí 70, láìka èyí tó sá jáde. Ní owó tí wọ́n kéde fún àwọn oníbàárà Band A, tí wọ́n ń rí iná jù lọ, ní oṣù kẹrin 2024, 225 náírà fún ẹyọ kan, 15,750 náírà nìyẹn fún táńkì kan. Wọ́n ti dín in díẹ̀ láàárín oṣù bíi mélòó kan sí ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò padà sí iye àtijọ́. Táńkì tí kò ní ìdérí ń fi owó yẹn ṣeré, ooru tó bá omi lọ sókè ju èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ jáde lọ. Pákó tàbí bọ́ọ̀lù oníke tó léfòó lójú omi á san owó ara rẹ̀ padà kíákíá.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń bá jà. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní nǹkan bí kìlówáàtì-wákàtí mẹ́wàá ooru nínú. Bọ́ílà tó dára á fún yín ní mẹ́jọ nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ á sọ ọ́ di iná, nǹkan bí mẹ́ta ló máa kù, ìyókù á gba ṣáláńsà àti rádíétọ̀ lọ. Nítorí náà, táńkì omi yẹn tó ń jẹ lítà mẹ́sàn-án nínú bọ́ílà á jẹ 23 tí wọ́n bá fi jẹnẹrétọ̀ wa hítà. Ilé iṣẹ́ tí iná NEPA kò dúró ṣinṣin fún, hítà kọ́ ni ohun tó yẹ kó rà, olùtà tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sọ fún un. Èyí tó bá ti ní ẹ̀rọ gáàsì tirẹ̀ tún ní ọ̀nà kan: ooru tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ náà lè máa se omi rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí hítà máa parí èyí tó kù.

Tí ilé iṣẹ́ bá ti ti ìlẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lásìkò òjò, ẹ má ṣe dédé tan hítà. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ gba orí rẹ̀ tí wáyà wà wọlé. Kí oníná kọ́kọ́ fi mẹ́gà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná ń jò, wò ó, ní 500 fólítì, láàárín wáyà àti ara irin. Tí kò bá dé mẹ́gáóòmù kan, kí wọ́n tú u, kí wọ́n ṣí ibi orí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú ààrò tó gbóná ju 100°C lọ dáadáa títí di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tún wò ó. Ọ̀pọ̀ hítà tí wọ́n ń kó fún àwọn onírin àlòkù lẹ́yìn òjò, omi ló kàn mu.